Ojú Merv Pascoe

Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Dulcie Pascoe kì í ṣe tirẹ̀. Bàtà kánfáàsì ọ̀dọ́mọbìnrin ni, láti inú ẹrù ìrànwọ́ tí wọ́n kó wá láti ìlú ńlá, ó sì tóbi jù ú lọ. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn iwájú ilé Alby Trezise ni bàtà náà ń gbá a ní gìgísẹ̀. Alby ti ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òkè. Ó dìde dúró ní fàráńdà pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí obìnrin tí iná igbó pa ọkọ rẹ̀, kò sì rí èyí tó dára nínú gbogbo ohun tó wá sí i lẹ́nu.

"Jókòó, Dulcie."

"Mi ò jókòó. Tí mo bá jókòó, mi ò ní lè dìde mọ́." Ó na ọwọ́ di òpó fàráńdà mú. "Fọ́tò Merv kan ni mo wá gbà. Kan ṣoṣo. Èyíkéyìí tí ojú rẹ̀ bá ti hàn."

Aládùúgbò ni wọ́n láti ìgbà tí irun orí wọn kò tíì funfun. Lọ́jọ́ tí iná ré òkè kọjá wọ Yarrabin, ìlú wọn, Merv ti gbé ìyàwó rẹ̀ jáde, wọ́n ti dé ojú títì, ló bá ní òun fẹ́ padà lọ tan pọ́ǹpù omi kí ilé má baà jó. Ilé jó, pọ́ǹpù jó, Merv kò jáde. Ilé Alby wà ní òdìkejì pápá kan náà. Iná fò ó kọjá bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀.

"Ọ̀la la ó sin ín," ni Dulcie wí. "Wọn ò ní ṣí pósí. Ọlọ́pàá ní kí n wá wò ó, kí n lè sọ pé òun ni. Mo wò ó. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti di ojú, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mò ń rí. Ojú tó fi fẹ́ mi, mi ò rí i mọ́, Alby. Mo wá a títí, kò wá. Fún mi ní fọ́tò kan kí n fi lé ìyẹn lọ."

Alby gbé ife rẹ̀ kalẹ̀ lórí pákó fàráńdà. "Ilé ta lo wà yìí? Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ya fọ́tò, ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ rẹ fi bá mi ru ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé kiri. Lọ sinmi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, màá mú un wá bá ọ ní gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n kó yín sí."

"Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ o. Kì í ṣe pápá rẹ̀."

"Mo gbọ́."

Nígbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ tán, Alby rí i pé àyà òun fúyẹ́ díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ iná. Ohun kan wà tí òun lè ṣe fún un. Nígbà náà, ara ògiri ni fóònù ṣì máa ń wà, kò sí èyí tó ń ya fọ́tò; ẹni tí ilé rẹ̀ bá jó, gbogbo ojú tó ní ló bá ilé lọ. Ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, ilé kan ṣoṣo ló kù tí fọ́tò wà nínú rẹ̀. Ilé òun ni.

Yàrá fọ́tò ló tóbi jù nínú ilé náà. Katakata tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń tẹ́ ọ̀nà eléruku ni Alby ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò gbéyàwó. Ohun tí ẹlòmíràn fi ń tọ́ ọmọ, fíìmù ló fi rà. Kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rin ló wà lára ògiri, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn wọ́n, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Ilẹ̀, Omi, Afẹ́fẹ́, Iná. Olùkọ́ kan ló sọ fún wọn ní kékeré pé àwọn ará ìgbàanì gbà pé mẹ́rin yìí ni wọ́n fi po gbogbo ohun tó wà láyé. Alby fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó hù, ó gbàgbé ìyókù, kò gbàgbé ìyẹn. Gbogbo fọ́tò tó bá yà ló ní ilé tirẹ̀. Òkúta àti ebè ọ̀dùnkún, Ilẹ̀. Ìkùukùu àti koríko tí atẹ́gùn tẹ̀ mọ́lẹ̀, Afẹ́fẹ́. Bí fọ́tò kan bá ní kùrukùru lórí adágún, ó lè fi ọjọ́ púpọ̀ rò ó bóyá Omi ló ni ín tàbí Afẹ́fẹ́, Merv á sì jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á ní, "Gbé e sáàárín, kí àwọn méjèèjì jà á. Ẹni tó bá borí kó máa mú un lọ."

Ènìyàn nìkan ni kò ní kọ́bọ́ọ̀dù. "Òkúta kì í wọ ṣòkòtò," ni Alby máa ń wí fún ẹni tó bá bi í. "Tí ènìyàn bá wọnú fọ́tò, kó tó ọdún márùn-ún ẹ ó ti máa fi ṣòkòtò rẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Síbẹ̀, kò ṣiyèméjì. Ẹni tó bá bá ni rìn tó bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe kó má kó sí ni lójú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan. Ó fa dúrọ́ọ̀ òkè pátápátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ilẹ̀ jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń ṣa àwọn fọ́tò inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Àpáta Turton nìyí, láàárọ̀, lẹ́yìn òjò. Merv jẹ páì ẹran méjì tán lọ́jọ́ náà kí oòrùn tó bọ́ sí ibi tí Alby fẹ́ kó wà. Ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta nìyí. Merv ló wakọ̀ dé ibẹ̀, òun ló sì rí ejò tó ká jọ lẹ́bàá bàtà Alby, tó rọra fà á sẹ́yìn ní kọ́là láìsọ nǹkan kan títí ejò fi lọ. Ilẹ̀ tó là nígbà ọ̀dá nìyí, pápá Merv fúnra rẹ̀ ni, ọdún tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìdajì àgùntàn rẹ̀ kí wọ́n má baà kú lóùngbẹ. Ó dúró lẹ́yìn Alby lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Alby tẹ kámẹ́rà tán ló wá bi í pé, "Ó jáde dáadáa?" Alby ní ó jáde dáadáa.

Ó jáde dáadáa lóòótọ́. Ilẹ̀ là ráúráú láti ìsàlẹ̀ fọ́tò dé òkè.

Dúrọ́ọ̀ dé dúrọ́ọ̀, Merv wà níbi gbogbo, kò sì sí níbi kankan. Alby mọ ibi tó dúró sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó lè fi ìka tọ́ka sí i: ẹsẹ̀ bàtà méjì sí etí fọ́tò yìí, lápá òsì, ẹ̀yìn kámẹ́rà nínú ìyẹn, tó ń fi akẹtẹ̀ rẹ̀ bo oòrùn kó má baà wọ dígí. Nínú ọ̀kan, òjìji akẹtẹ̀ náà yọ díẹ̀ sórí òkúta. Alby mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó tẹ̀ ba lé e. Akẹtẹ̀ ni lóòótọ́, etí rẹ̀ kan ya. Ó yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú ayọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dá a padà. Ta ló ń sunkún sórí òjìji akẹtẹ̀?

Oòrùn ti kan àtàrí nígbà tí Glenys wọlé. Ọmọ kan ṣoṣo tí Dulcie àti Merv bí ni, Melbourne ló ń gbé, aṣọ tó wọ̀ láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pè é náà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì tí wọ́n há ẹran sí láàárín kalẹ̀ lórí àga.

"Màmá ní kí n wá ràn yín lọ́wọ́, Ọ́ńkù Alby. Ẹ ti rí i?"

"Mo ṣì ń wá a. Omi ni mo wà báyìí."

Glenys mú fọ́tò kan láti orí tábìlì. "Èyí ńkọ́?"

"Adágún Corrie nìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni Dádì ti kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ní ká jáde kúrò nínú omi."

"Kí omi lè rọ̀, kí n lè yà á," ni Alby wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni. A jáde. A dúró sétí bèbè, eyín mi ń gbá ara wọn, Dádì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fi bò mí, ó ní kí n ṣe sùúrù, omi máa tó rọ̀." Ó gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú fèrèsé. "Ó rọ̀ lóòótọ́. Ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnì kankan wọ̀ ọ́ rí."

Alby ti dúrọ́ọ̀ Omi padà. Ó bi í bóyá fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí Merv kò lè ṣe kó má sí nínú ìyẹn.

"Lọ́dún tí Rodney ọkọ mi fi mí sílẹ̀ ni mo kó gbogbo rẹ̀ dà sí ààtàn. Inú ń bí mi, mi ò wo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ Màmá ti jó. Ọkùnrin tó yà á ti kú tipẹ́, wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ta ẹja." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ẹ̀yin ni Dádì fẹ́ kẹ́ ẹ yà á, ẹ rántí? Ó ń fi yín yangàn fún gbogbo ènìyàn. Ẹ gbé kámẹ́rà wá lóòótọ́. Ẹ ya ojú ọ̀run tó wà lókè ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ìkùukùu ọjọ́ yẹn dára," ni Alby wí, kó tó mọ ohun tó ń sọ.

"Ṣé ó wà níbí?"

"Ó wà. Afẹ́fẹ́, dúrọ́ọ̀ kejì."

Glenys wo kọ́bọ́ọ̀dù náà. Kò ní kó ṣí i. Ó dá adágún Corrie padà sí ibi tó ti mú un, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ títí tó fi dọ́gba mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Ẹ rántí jẹun o," ló wí, ó sì lọ.

Búrẹ́dì náà gbẹ síbi tó wà. Nínú Afẹ́fẹ́, Alby rí akẹtẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú ọ̀run, tí ìjì gbà á lọ lórí oko àlìkámà. Orí Merv ni ìjì ti gbà á. Ó ti sáré tẹ̀ lé e, ó sáré kọjá níwájú kámẹ́rà, Alby sì ké sí i pé kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kó má ba nǹkan jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú àlìkámà títí kámẹ́rà fi dún. Alby gbé awò lé àlìkámà náà, ó ń wá orí, ó ń wá ẹ̀yìn, ó ń wá ohunkóhun. Merv ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ó ku Iná. Alby ti mọ̀ọ́mọ̀ fi í sẹ́yìn. Òórùn èéfín ṣì wà lára aṣọ fèrèsé. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí. Ó ṣí i. Iná alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ìràwé tí wọ́n ń sun lẹ́yìn ìkórè, lẹ́yìn náà igi gọ́ọ̀mù kan tí àrá sán pa tó ń jó nínú òjò. Ọwọ́ rẹ̀ wá dé orí fọ́tò iná kan tó ń jó nínú dúrọ́ọ̀mù onírin.

Nígbà òtútù lọ́dọọdún, Alby máa ń kó àwọn fọ́tò tó bàjẹ́ jọ, á dà wọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́yìnkùlé, á sun wọ́n. Èyí tó rú fírífírí, ó bàjẹ́. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ wọnú rẹ̀, ó bàjẹ́. Èyí tí ènìyàn bá sì kọjá níwájú rẹ̀, ìyẹn bàjẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Merv ló máa ń da kẹrosíìnì sí i. Á bojú wo inú dúrọ́ọ̀mù, á rí ara rẹ̀ níbẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó dàbọ̀ o, èmi," á sì ṣá ìṣáná.

Alby jókòó. Ìrántí yẹn kò wá sí i lọ́kàn láti àárọ̀, àfi ìgbà yìí. Kì í ṣe pé Merv kò kó sí kámẹ́rà rí. Ó ti kó sí i nígbà púpọ̀. Ojú rẹ̀ tó wà lórí bébà pọ̀ débi pé ó kún dúrọ́ọ̀mù lọ́dọọdún, Alby sì ti sun gbogbo wọn pátá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹni tó ni ojú. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Òun kò mọ̀ pé wíwò náà ní àwòìwẹ̀yìn.

Lọ́dún kan, iná inú dúrọ́ọ̀mù náà wù ú, ó sì yà á. Fọ́tò náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Ahọ́n iná mẹ́ta, ọ̀kan ga ju ìyókù lọ. Nísàlẹ̀ wọn, bébà tó ń ká kò. Alby fa awò súnmọ́ ọn. Lórí ọ̀kan nínú àwọn bébà náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wà. Ìdajì ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín wà lábẹ́ rẹ̀, àti etí kan, etí Merv, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ti ọmọdé. Òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti dúdú. Iná ti dé ibi ojú, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

Ó wò ó pẹ́. Ó mú àlùmọ́gàjí. Bí òun bá gé e láti ibí, tí òun sì sọ ìyókù di ńlá, bóyá ẹnu nìkan ni yóò hàn. Ó fi àlùmọ́gàjí wọn òkè rẹ̀, ó fi wọn ìsàlẹ̀. Ibi yòówù kó gbà, ó ń bá ibi tó jó dúdú yẹn pàdé. Dulcie ti rí èyí tẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lé lọ nìyí, òun ni Alby fẹ́ tún gé tónítóní gbé fún un.

Ó gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀. Ó dá fọ́tò náà padà sínú Iná, nítorí kò mọ ibòmíràn tó lè fi í sí.

Ì bá tẹ gbọ̀ngàn láago. Ó tilẹ̀ gbé fóònù, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń dún wọ̀ọ̀, ó gbé e padà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ń mú, ó sì wakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn igi tí iná jó dúdú tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì bí ẹni tí wọ́n ní kó má mira.

Ní gbọ̀ngàn, wọ́n ti tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì lọ láti ògiri dé ògiri. Àwọn obìnrin ń bu tíì nídìí tábìlì gígùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí wọ́n rí Alby, ọ̀kan fi orí tọ́ka sí ibi pèpéle. Dulcie wà níbẹ̀ lórí àga oníke, Glenys ti sùn lórí mátírẹ́ẹ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Dulcie kò wo ojú Alby. Ọwọ́ rẹ̀ ló wò.

"O ò mú un wá."

"Kò sí, Dulcie."

"Oòrùn kò tíì wọ̀. O lè padà lọ wò ó dáadáa."

"Mo ti wo gbogbo rẹ̀. Merv kò sí nínú rẹ̀."

Dulcie mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tí kò gbọ́ dáadáa. "Ọgbọ̀n ọdún, Alby."

"Ọgbọ̀n ọdún."

"Tó bá dé lálẹ́ Sọ́ńdè, èjìká á máa dùn ún, èmi ni mo máa ń fi ìpara ra á. Màá ní, kí lẹ yà lónìí? Á ní, òkúta. Màá ní, ṣé Alby kò tíì yà ọ́? Á ní, ọjọ́ tí òkúta bá tán ni yóò kàn mí." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Alby ti ń retí ìbínú láti ilé, ó ti gbára dì fún un, ó sì dùn ún pé kò rí i. "Ó fẹ́ràn rẹ gan-an, o mọ̀? Kò mọ nǹkan kan nípa fọ́tò."

Alby bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó jókòó sórí etí pèpéle, orúnkún rẹ̀ dún. Obìnrin kan gbé tíì wá fún un, ó gbà á, kò mu ún.

"Ó dáa," ni Dulcie wí. "Ìwọ sọ ọ́ fún mi."

"Kí ni?"

"Ojú rẹ̀. Ìwọ ò rí ohun tí wọ́n fi hàn mí. Tìrẹ ṣì mọ́ nínú orí rẹ. Máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí n máa tẹ̀ lé ọ. Bóyá á padà wá." Ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó sì pa ojú dé. "Bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí."

Alby la ẹnu. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú dúrọ́ọ̀mù, tó ń ká kò. Ó fi tipátipá tì í kúrò, ó wá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Akẹtẹ̀ rẹ̀," ló wí, "ibi tó ya létí yẹn..."

"Bọ́ akẹtẹ̀," ni Dulcie wí jẹ́jẹ́, láìla ojú. "Bọ́ ọ lórí rẹ̀, Alby."

Ó gbìyànjú. Ó wá iwájú orí, ó wá ìpéǹpéjú, ó wá àwọ̀ ẹyinjú. Ó rí àpáta Turton, gbogbo ìlà ara rẹ̀. Ó rí adágún, ó rí àlìkámà bó ṣe tẹ̀ sí ọ̀tún. Merv náà wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ mímí rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń gbọn èérún páì kúrò láyà, ohùn rẹ̀ sì ń bi í pé ṣé kí òun gbé ẹsẹ̀ kámẹ́rà báyìí tàbí kí òun dúró sí i. Láti ẹ̀yìn ni ohùn náà ti ń wá. Ẹ̀yìn ló máa ń wà, Alby kò sì yíjú padà wò ó rí tí kì í ṣe pé kó sọ fún un pé kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

"Mò ń gbọ́," ni Dulcie wí.

Tíì ti tutù nínú ife. Ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, wọ́n tan iná mànàmáná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí Dulcie, sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó gbẹ, sórí àpá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú tí Alby kò mọ̀ pé ó ní. Ó gbé orí sókè díẹ̀ sí ibi tí ohùn ti yẹ kó wá, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípa dé, ó ń dúró.